Ọ̀pẹ Abala Kan ní Apá Ìyálé Mi

Ẹyẹ ni a kọ́kọ́ rí nínú ọbẹ̀.

Mojísọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ọmọ wa ní agbo ilé wa ní Ìrókò, ló se ọbẹ̀ náà. Ó bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ gbé pọ̀nmọ́ kan sókè kí ó tó fi sẹ́nu, ó sì rí lékèélékèé kan tó na ọrùn lára pọ̀nmọ́ náà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tín-ín-rín àti ìyẹ́ tó fẹ́ ṣí. Ó pariwo. Gbogbo wa rọ́ dé. Ẹnìkan ní kí wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ náà lọ dà sí oríta. Ẹlòmíràn ní màlúù náà ti jẹ ohun tí kò yẹ kí màlúù jẹ. Àfìgbà tí Ọ̀ṣunwùnmí, ọmọ Mojísọ́lá, bọ́ síwájú tó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Èmi ni mo fín in. Ọwọ́ ni mò ń kọ́. Mi ò mọ̀ pé màmá mi máa mú un sè."

Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Ìyá rẹ̀ rò pé aṣọ rírán ló ń kọ́ n'Ìbàdàn láti ìgbà tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àṣé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sí ara àwọn ọ̀dọ́ ló ń lọ, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní táàtù. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ kan ara ọmọ ènìyàn títí ọwọ́ rẹ̀ á fi balẹ̀ lórí awọ màlúù. Ló bá ń ra pọ̀nmọ́. Mojísọ́lá sunkún, ó ní ọmọ òun fi owó ẹ̀kọ́ aṣọ ra ẹran tí kò ṣeé jẹ. Èmi ò lè sunkún. Ẹyẹ yẹn ni mò ń wò. Ẹyẹ náà dà bí ẹni pé bí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́, yóò fò kúrò nínú abọ́.

Èmi ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Nígbà tí mò ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ ilé lábẹ́ òṣùpá, tí àwọn yòókù ń gbe orin, òun á jókòó síwájú, á máa fi igi ya ohun tí mò ń sọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo ń pa àlọ́ ọmọ òrukàn tó lọ bá ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀ odò. Kí n tó dé etí odò, ọmọ yìí ti ya odò náà tán, ó sì ya ilẹ̀kùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èmi ò sọ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó kọ́ mi ní àlọ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ti wà nísàlẹ̀ odò yẹn, mi ò sì lè pa àlọ́ náà mọ́ kí n má ṣí i.

Bí ó ti wù kó rí, ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gba ìyọ̀nda, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù ní Alakia, lọ́nà pápá ọkọ̀ òfuurufú. A gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ń tò dúró dè é. A gbọ́ pé ó ń ya àwòrán sára ògiri àti sórí aṣọ pẹ̀lú, tí àwọn ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. A kàn ń gbọ́ ni. Ohun tó gbé wa dé ibẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ, ó sì kan ìyálé mi, Àpèkẹ́.

Àpèkẹ́ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọ́n ti wà nílé yìí kí wọ́n tó gbé èmi wá. Títí di òní olónìí tí irun mi ti funfun báyìí, "ìyàwó" ni wọ́n ń pè mí. Bí ẹ bá dé Ìrókò tí ẹ béèrè ìyá tó ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn, ọmọdé á júwe ilé wa fún yín. Bí wọ́n ń kọ ebè, apá aṣọ wọn á dé ọrùn ọwọ́. Bí wọ́n ń yan ẹ̀gẹ́ nídìí iná, tí òógùn ń ṣàn bí omi, wọn kì í ká a. Àwọn ọmọ kan máa ń sọ pé ẹ̀tẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kóló ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ kóló. Láyé àwọn ìyá wa, kí ọmọbìnrin tó lọ ilé ọkọ, wọ́n á mú un lọ sọ́dọ̀ olóólà. Olóólà á fi abẹ kékeré rẹ ẹ lára wẹ́wẹ́, á fi ẹ̀ẹ̀dú kun ojú abẹ náà, bó bá jinná, àwòrán dúdú tó yọ díẹ̀díẹ̀ lára á jókòó síbẹ̀ títí ayé. Wọ́n ń fín alángbá, wọ́n ń fín àkekèé, wọ́n ń fín ọ̀pẹ. Oge ni, ṣùgbọ́n ìdánwò tún ni. Wọ́n ní ẹni tó bá lè jókòó ti abẹ olóólà lè jókòó ti ìrọbí.

Àpèkẹ́ ò jókòó tì í.

Ní abúlé wọn lẹ́bàá Ìjàyè ni. Àwọn méjì ni wọ́n mú lọ lọ́jọ́ kan náà, Àpèkẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mùjíbátù. Àpèkẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fín. Olóólà fín ọ̀pẹ sí i lápá òsì. Ó fín ìdí ọ̀pẹ títí dé orí, ó wá tẹ imọ̀ ọ̀pẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Nígbà tó gbé abẹ láti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọmọbìnrin náà já ọwọ́ gbà, ó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ lọ, wọn ò rí i títí oòrùn fi wọ̀. Mùjíbátù bọ́ sí àyè rẹ̀, wọ́n fín in, ó parí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọge abúlé ti dá orin:

Olóólà ò tíì ṣe tán,
Àpèkẹ́ ti dóko.
Ọ̀pẹ abala kan,
Ẹyẹ ò ríbi bà lé.

Mùjíbátù ló ń lé orin náà. Ohùn rẹ̀ dùn, ìyẹn ló wá burú jù, nítorí orin tí ohùn dídùn bá lé kì í tètè kú. Ìrókò níbí náà ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì wá fọ́kọ, ilé kan sí ilé kejì, orin náà sì bá wọn wá. Èmi tí mo dé lẹ́yìn, mo bá a níbí.

Ọ̀ṣunwùnmí nìkan ló ń rí apá náà. Làkúrègbé máa ń dá ìyálé mi lóró nígbà òtútù, ọmọ náà nígbà tó kéré ló sì máa ń fi òrí pa á fún wọn nínú yàrá. Wọn ò sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ọmọ náà ò sì béèrè.

Ní ọjọ́ kan tí àwa méjì ń bó ẹ̀gẹ́, ìyálé mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "ikú ò bà mí lẹ́rù o. Ìwẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù."

"Kí ni ìwẹ̀ ṣe?"

"Ta ni yóò wẹ̀ mí?"

Bí obìnrin àgbà bá kú ní àdúgbò wa, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́sìn wo, Mùjíbátù ni wọ́n ń pè. Ó ti di Ìyá Àdínnì ní mọ́ṣáláṣí wa, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbi ìwẹ̀ òkú ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

"Yóò bọ́ aṣọ lára mi," ìyálé mi ní. "Yóò pe àwọn yòókù, yóò ní, 'Ẹ wá wò ó, òun rèé!' Èmi á nà sílẹ̀ gbalaja. Mi ò sì ní í lè sá lọ́jọ́ yẹn."

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ohun tí ìyálé mi ń bá yí lórí ẹní.

Nígbà tó yá, àwa méjì gun ọ̀kadà Sanmí, a ń lọ sí ọjà Mọ́níyà. Sanmí jẹ́ ọmọ àdúgbò, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Oòrùn mú, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi lé iwájú. Ìyálé mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, èmi wà lẹ́yìn wọn. Ṣàdédé ni mo gbọ́ tí wọ́n ké.

"Dúró! Mo ní kó o dúró!"

"Ìyá, ẹ rọra o, ẹ má fà mí láṣọ, a máa wọ kòtò!"

Ó dúró. Ìyálé mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n di apá ọmọkùnrin náà mú bí ẹni mú olè. Ọ̀pẹ wà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ tẹ̀, gbogbo imọ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí: ọ̀pẹ inú orin náà ni.

"Ta ló fín èyí sí ọ lára?"

Sanmí rẹ́rìn-ín. "Ah, Ìyá! Àṣé ẹ̀yin náà mọ nǹkan tó dáa! Ọmọ ilé yín mà ni, Ọ̀ṣun ti Alakia. Ọ̀pẹ Inú Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó bí afẹ́fẹ́ ṣe gbá gbogbo imọ̀ rẹ̀ sápá kan. Kò sí ọmọ tó já fáfá tí kò fín in báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ fín in sí ọrùn."

"Sí ọrùn!"

"Sí ọrùn, Ìyá. Àwọn obìnrin ń fín in sí ibi tí mi ò lè fẹnu sọ níwájú yín."

Ìyálé mi yíjú sí mi. "Ìyàwó, a ò lọ ọjà mọ́."

A wọ takisí Máíkírà láti Mọ́níyà, a tún wọ òmíràn ní Ìwó Road, wọ́n fún wa mọ́ ara wa bí iṣu inú àpò. Ìyálé mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Alakia. Bàlúù kan ń bọ̀ wálẹ̀ lókè wa nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, ariwo rẹ̀ mú kí n di gèlè mi mú. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lórí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Mo ti rò pé n ó bá ibi òkùnkùn tí èéfín kún. Ibẹ̀ mọ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Bẹ́ẹ̀dì gíga kan wà níbẹ̀, iná funfun kan tẹ̀ sórí rẹ̀, àwòrán sì bo gbogbo ògiri: ejò tó ká mọ́ òdòdó, ojú obìnrin arúgbó kan tí mo fẹ́ẹ̀ kí, ìlẹ̀kẹ̀, ẹja, ọwọ́ ọmọ tuntun. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan nà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń da omi lójú pẹrẹpẹrẹ, ó di ọwọ́ bẹ́ẹ̀dì mú. Ọ̀ṣunwùnmí wọ ìbọ̀wọ́ dúdú, ó ń fi ẹ̀rọ kan tó ń kùn bí oyin fín àwòrán ìyá ọkùnrin náà sí i láyà. Mo wò ó. Aláàánú Ọlọ́run! Ojú ìyá náà ń jáde bọ̀ láti inú ẹran ara ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà láti inú yàrá tó ṣókùnkùn. Mo gbàgbé ohun tí a bá wá.

Ìyálé mi ò gbàgbé.

"Ọ̀ṣunwùnmí! O gbé ìtìjú mi lọ tà fún gbogbo ayé?"

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ọmọ náà rí wa, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà, Ìyá. Ẹ kú ọ̀nà, Ìyá Àlọ́. Ìtìjú wo ni, Ìyá?"

Ìyálé mi ká apá aṣọ wọn. Níwájú mi, níwájú ọkùnrin tó ń sunkún náà, wọ́n ká a dé èjìká. Èmi tí a ti jọ gbélé láti ìgbà èwe mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nìyẹn.

"Ìyá, ìyẹn ni ohun tó dára jù tí mo rí rí láyé mi," ọmọ náà ní. "Òun ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí. Bí mo bá ń fi òrí pa yín lápá, mo máa ń rò ó pé ta ni ẹni yìí tó mọ afẹ́fẹ́ yà. Ènìyàn lè ya ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ya afẹ́fẹ́ tí a ò rí…"

"Afẹ́fẹ́ kọ́," ìyálé mi ní. "Ẹsẹ̀ mi ni. Mo sá."

Wọ́n sọ ọ́ fún un: abẹ, oko ẹ̀gẹ́, orin, gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì náà ti nu ojú rẹ̀, ó ń gbọ́. Ọ̀ṣunwùnmí wolẹ̀ jókòó. Ó wo ògiri níbi tí Ọ̀pẹ Inú Afẹ́fẹ́ wà, tó tóbi ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo rí i pé inú ọmọ náà bàjẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹni tó ń pè ní bàbá kì í ṣe bàbá rẹ̀.

"N ó yọ ọ́ kúrò lára ògiri," ó ní. "Mi ò ní í fín in fún ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ta ló ní kó o yọ ọ́? Parí rẹ̀."

"Fún àwọn tí mo ti fín in fún? Ìyá, wọ́n pọ̀ o."

"Fún èmi! Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ tiwọn. Èmi ni kó o parí tèmi kí Mùjíbátù tó bomi."

Ọ̀ṣunwùnmí kọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n, ó ní awọ àgbà ti fẹ́lẹ́, ó dà bí awọ inú ẹyin, abẹ́rẹ́ lè ya á, ojú rẹ̀ lè má jinná. Ó ní òun kì í fín ẹni tó bá ti dàgbà tó yẹn, kódà bí wọ́n bá kó góòlù wá. Ìyálé mi ò yí ohùn padà. Níkẹyìn ọmọ náà fa iná funfun náà sún mọ́ra, ó gbé dígí tó ń mú nǹkan tóbi, ó wo apá náà. Ó wò ó pẹ́ títí. Ó fi ìka tọ ojú abẹ kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí, bí afọ́jú tó ń tọ ojú ọmọ rẹ̀. Ní ìgbà kan ó yí apá náà sódì, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè nínú afẹ́fẹ́, ó ń fi rẹ nǹkan tí a ò rí.

"Ẹ fún mi láyè, Ìyá," ó ní. "Tó bá ṣeé ṣe, n ó wá sílé."

Òjò tán, ọ̀gìnnìtìn dé, kò wá. Ìyálé mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá dúró létí títì, wọ́n á yọjú. Mo rò pé ọmọ náà ti sá. Kò burú, mo ní nínú ara mi, sísá ò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó já bébà abẹ́rẹ́ tuntun níwájú wa. Kò gbé ẹ̀rọ wá. Ó ní ẹ̀rọ ti le jù fún awọ ìyá. Nígbà tó ká aṣọ rẹ̀, mo rí apá ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀kán dúdú kéékèèké kún ibẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè, ọ̀kan ò dúdú bí èkejì.

"Kí ni gbogbo ìwọ̀nyí?" mo bi í.

"Dúdú ni mò ń wá, Ìyá Àlọ́. Dúdú tí wọ́n ń tà lọ́jà dúdú jù. Kóló Ìyá ti pẹ́ lára, ó ti fà sí àwọ̀ aró. Bí mo bá pò ó, n ó fín ẹ̀kán kan sí ara mi, n ó dúró kó jinná, n ó wò ó. Bí kò bá bá a mu, n ó tún pò ó. Èyí ló bá a mu." Ó tọ́ka sí ẹ̀kán tó kẹ́yìn.

Lókè gbogbo ẹ̀kán náà, ọ̀pẹ kan wà lápá rẹ̀. Ọ̀pẹ tó pé ni, imọ̀ lọ́tùn-ún, imọ̀ lósì.

Ìyálé mi na apá wọn fún un. Ọmọ náà mú abẹ́rẹ́.

"Ọwọ́ òsì?" Ìyálé mi fa apá wọn padà. "Ṣé ọwọ́ òsì lo fẹ́ fi kàn mí, Ọ̀ṣunwùnmí? Ta ló kọ́ ọ nírú ìwà bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹni tó fín yín, ọwọ́ òsì ló ń lò."

Mo wo ìyálé mi. Ẹnu wọn ṣí sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Abẹ a máa jìn níbi tó bá ti wọlé, a máa fúyẹ́ níbi tó bá ti ń jáde. Tiyín, ìdàkejì ọwọ́ mi ni gbogbo wọn ń gbà. Mo fi ọ̀tún gbìyànjú rẹ̀ lórí awọ, kò jọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́. Òsì ni mo ń kọ́. Apá ọ̀tún mi yìí, òsì ni mo fi fín gbogbo rẹ̀."

Ohùn ìyálé mi kéré bíi ti ọmọdé.

"Baba Fákọ́ládé. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyá mi ń bẹ̀rù láti mú mi lọ nítorí ẹ̀, bàbá mi ní ọwọ́ rẹ̀ ló dùn jù. Mo ti gbàgbé! Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyàwó. Mo ti gbàgbé pátápátá."

Mo ti pa àlọ́ òkú tó dìde, mo ti pa àlọ́ egungun tó kọrin. Ọ̀kan nínú wọn ò mú kí ara mi bù máṣọ bí ti òwúrọ̀ yẹn. Ọkùnrin tó ti di erùpẹ̀ n'Ìjàyè, tí Ọ̀ṣunwùnmí ò bá láyé, tí kò fi àwòrán sílẹ̀, ọmọ yìí bá ọwọ́ rẹ̀ nínú awọ obìnrin arúgbó, ó wọ ọwọ́ náà bí ènìyàn ti ń wọ bùbá.

Ìyálé mi tún na apá wọn. Abẹ́rẹ́ kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn gbọ̀n, mo rí i, mo sì wo ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀, oko ò sì jìnnà. Mo jókòó tì wọ́n. Mi ò dì wọ́n mú. Wọ́n tẹ ojú mọ́ òrùlé, wọ́n ń mí. Abẹ́rẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀, pẹ́rẹ́, pẹ́rẹ́, kò ní ariwo. Ọ̀ṣunwùnmí ń nu ẹ̀jẹ̀ tó ń sun wínníwínní. Imọ̀ kan yọ. Èkejì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìyálé mi pa ojú dé, mo rò pé ìrora náà ti dé góńgó.

Ìgbà tó yá, mo gbọ́ nǹkan kan. Mo tẹ́tí.

"Ìyá Àlọ́," Ọ̀ṣunwùnmí sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "kí nìyẹn?"

"Wọ́n ń hanrun," mo ní.

Àwa méjèèjì wo ara wa. Obìnrin tó já gbà lábẹ́ abẹ nígbà èwe ti sùn lọ fọnfọn lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀rín ń pa ọmọ náà, ó gé ètè jẹ kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa mì, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi fín imọ̀ tó kẹ́yìn. Ó fọ́ ẹ̀yìn ìgbín kan tí mo ti tọ́jú, ó kán omi tútù rẹ̀ sójú gbogbo rẹ̀, bí àwọn olóólà ti ń ṣe. Òtútù omi náà ló jí wọn.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí," ìyálé mi ní, "kí ọkàn mi tó yí padà."

"Ìyá, ó ti tán."

Wọn ò gbà á gbọ́ àfìgbà tí wọ́n wò ó.

Ọjọ́ tí a kọlà kọ́ ló ń di oge, ọjọ́ tó bá jinná ni. Ó wú, ó yún wọn, ó bó bí èèpo àlùbọ́sà, mo ń fi òrí pa á. Nígbà tó jinná tán, ìyálé mi rán ọmọ lọ pe Mùjíbátù. Ìyá Àdínnì dé pẹ̀lú ìkánjú, ó ń mí lókelókè, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀ kíá. Àpèkẹ́, ṣé ó ti le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Jókòó. Iṣẹ́ tó o máa ṣe fún mi lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí tí mo lè gbọ́ ohun tó o máa sọ."

Wọ́n bọ́ bùbá kúrò lápá òsì. Mùjíbátù wò ó. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nínú àpò, ó wọ̀ ọ́, ó tún wò ó. Ó fi ìka kàn án.

"Ẹ̀sìn mi ò fẹ́ kí á máa fín ara mọ́," ó ní, "ẹ gbọ́ pé mo sọ ọ́. Àpèkẹ́, abala wo ni tuntun?"

"Ìwọ náà wá a."

Mùjíbátù wá a. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á, ó gbé apá náà síta oòrùn, ó gbé e bọ̀ nínú ibòji. Nígbà tó yá, ó tọ́ka sí abala kan. Abala Baba Fákọ́ládé ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyálé mi ò rẹ́rìn-ín, ojú ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń wò.

Mùjíbátù jókòó, ó ká apá aṣọ tirẹ̀. Ọ̀pẹ tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti ṣá, awọ ti ká a mọ́lẹ̀.

"Ọjọ́ yẹn," ó ní, "tó o ti sá wọ oko, ẹsẹ̀ mi ti kúrò nílẹ̀ pé kí n tẹ̀ lé ọ. Ìyá mi ló jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. O rántí bí ìyá mi ṣe tó. Abẹ tán kó tó dìde."

Adìẹ kan wọlé, ó tún jáde.

"Mùjíbátù." Ìyálé mi rọra pè é. "Ó jókòó lé ọ lẹ́sẹ̀. O sì ń lé orin."

"Bí mi ò bá lé e, wọn ì bá bi mí bí tèmi ṣe rí."

Mo rò pé ìyálé mi á bú u. Mo tiẹ̀ ti sún ọ̀pá wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èjìká wọn ló kọ́kọ́ mì, lẹ́yìn náà ikùn wọn, ẹ̀rín náà wá tú jáde, ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n gbá Mùjíbátù lẹ́yìn, Mùjíbátù náà gbà á lẹ́nu wọn, àwọn arúgbó méjì rọ̀ mọ́ ara wọn lórí ẹní bí ọmọge tó bọ́ lódò. Mojísọ́lá sáré wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí Mùjíbátù rí ẹ̀mí mí, ó nu ojú rẹ̀, ó fa bùbá padà sí èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ń wẹ òkú.

"Fọkàn balẹ̀, Àpèkẹ́," ó ní. "Bó bá dọjọ́ náà, n ó rọra fọ ọ́. N ò ní í jẹ́ kí kànìnkànìn kàn án."

"Ta ló sọ fún ọ," ìyálé mi ní, "pé èmi ni n ó kọ́kọ́ lọ?"